Ọkọ̀ Ogun Tí Ìyá Mi Sá Sórí Àpáta

Ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ó rẹ̀ mí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń mú kúrò. Bí mo bá fi máa jí láàárọ̀, àárẹ̀ náà ti jí dè mí. Iṣẹ́ taípíìsì ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Abẹ́òkúta. Ìpínlẹ̀ wa ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà, ìwé sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ìjọba yóò wó bí ìka wa bá sinmi. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, ilé ìyá mi ní Kẹ́mta ni mò ń wọ̀ sí, kì í ṣe ilé ọkọ mi. Ọkọ mi wà ní Wásinmi, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, ó sì ń dá oko díẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ wa méjèèjì wà. Mo ń wọ mọ́tò lọ bá wọn ní Sátidé, mo ń padà ní Sọ́ńdè. Ó wá di pé èyí àbúrò nínú wọn ń kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni ń kí àlejò, "Ẹ káàbọ̀, mà," yóò sì sá lọ ṣeré rẹ̀.

Ìyá mi ló fà á. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò lè dá gbé mọ́, ó sì kọ̀ láti kúrò ní Kẹ́mta. Gbogbo ọ̀nà ni ọkọ mi fi bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa bá wa gbé ní Wásinmi, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́, tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò máa gbé oúnjẹ wọlé fún un. Yóò dúpẹ́, yóò ṣàdúrà fún un, yóò sì ní òun kò lọ. Ohun kan náà ló máa ń sọ: "Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé, tó bá ilé ní títì ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ó wọ iṣẹ́ ológun òfúrufú kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń tún ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì ṣe. Nígbà tí ogun gbóná, wọ́n ní ọkọ̀ kan bàjẹ́ níbi kan tó jìnnà. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ogun oníjókòó méjì, pẹ̀lú awakọ̀ níwájú, pé òun ń lọ tún un ṣe. Ọkọ̀ náà gbéra, kò dé ibi tó ń lọ, kò sì padà síbi tó ti ń bọ̀. Àwọn ológun méjì ló wá sọ ọ́ nílé wa. Ìyá mi ń ro aró lọ́wọ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rí òkú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí i. "Ẹ kú ìrìn o," ló wí fún wọn, ó sì padà sídìí ìkòkò aró rẹ̀.

Mùsùlùmí ni wá. Bí èèyàn bá kú lọ́dọ̀ wa, a ó pe àwọn àáfà, a ó ṣe fidáù fún un, wọn yóò bá a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó sì ṣe sàráà fún àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó kù nílé tó lè máa bá ayé wọn lọ. Ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fidáù fún ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn àbúrò bàbá mi sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Ó ní fidáù ẹni tó ń bọ̀ nílé ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń bu oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi sọ́tọ̀, ó ń dé e. Láàárọ̀, kí n tó lọ sí ọ́fíìsì, èmi ni mò ń gbé e kaná tí mò ń jẹ ẹ́, torí pé a kò lówó oúnjẹ tí a ó máa dà nù. Fún ọdún tó pọ̀, oúnjẹ òkú ni oúnjẹ àárọ̀ mi.

Mo pè é ní òkú. Èmi ti gbà tipẹ́ pé ó kú. Mo ń sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi kó tó fẹ́ mi, mo sì ti sọ ọ́ fún ìyá mi lójú. Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju kí ìyá mi gbà fún mi kí a ṣe fidáù, kí n ti ilẹ̀kùn ilé Kẹ́mta yẹn, kí n lọ gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi kí wọ́n tó dàgbà tán lẹ́yìn mi.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan wà, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ológun náà, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lọ sí òkè òkun, ó sì rí páálí ọkọ̀ ìṣeré kan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé e wá fún ìyá mi. Àwòrán ọkọ̀ ogun kan wà lára páálí náà, imú rẹ̀ rí rógódó, ìjókòó méjì wà lábẹ́ gíláàsì orí rẹ̀.

"Òun nìyí, Màmá," ni ọkùnrin náà wí. "Irú èyí gan-an ni."

Ìyá mi gbà á, ó mì í. Ó ń dún wóróworó.

"Ó ti fọ́ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀yà ẹ̀yà ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó rà á ló máa tò ó."

"Irú ọjà wo wá nìyẹn? Wọ́n ta ọkọ̀, wọn ò tò ó?" Inú ìyá mi kò dùn sí irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé fún wa pé àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé ni wọ́n ń fi kun ọkọ̀ náà, lábala lábala, kí ọ̀tá má baà rí i láti òkè. Ó ní òun yóò padà wá tò ó. Kò padà wá. Páálí náà jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ń bò ó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo dé láti Wásinmi, tí mo tún dá ọ̀rọ̀ fidáù sílẹ̀. Ara ọmọ mi kò yá lọ́jọ́ náà, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ wá. Ìjà gidi ni mo bá ìyá mi jà. Ó jẹ́ kí n sọ tèmi tán. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Tò ó fún mi," ló wí. "N kò rí ọkọ̀ òfúrufú sójú rí àfi tó bá ń kọjá lókè. Jẹ́ kí n rí ohun tí ọmọ mi wọ̀. Bí ọkàn mi bá gbà pé èèyàn lè jókòó sínú ẹ̀ kó má padà wálé mọ́, a ó pe àáfà."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń kan ọkọ̀ òfúrufú, èmi tí n kò lè kan ìṣó kan mọ́ ara ògiri.

Mo ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yà ọkọ̀ náà so mọ́ àwọn ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, mo ń fi bíléèdì gé wọn kúrò, mo ń fi ohun tí a fi ń ha èékánná ha etí wọn kó dán. Ìwé tó bá a wá, èdè ilẹ̀ ibòmíràn ló wà nínú rẹ̀; àwòrán nìkan ni mò ń tẹ̀ lé. Góòmù inú páálí ti gbẹ. Mo lọ tọrọ òmíràn lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, góòmù náà sì ń fà bí ilá. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ débi pé ìka mi ń lẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì taípù láàárọ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe nílé. Mo ní mò ń kan ọkọ̀ ogun. Ó wò mí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo lẹ ikùn ọkọ̀ náà pọ̀, ìyá mi sún mọ́ ọn. Ó fi orí ìka kan ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ibí yìí?"

"Ibẹ̀ ni, Màámi."

"Ó há. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn. Báwo ló ṣe ká a sí?"

Mo ń wá ibi tí góòmù ti jò.

Ó ní òun kò fẹ́ ọkọ̀ tó wà lókè. Ó fẹ́ èyí tó ti balẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ ilẹ̀ tí yóò dúró lé. Mo gba abala pákó kan lọ́wọ́ káfíńtà. Sáńpépà dúdú ni mo lẹ̀ mọ́ ọn fún ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òfúrufú ń sá lé, mo sì fi ẹfun fa ìlà funfun sí àárín rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo da iyẹ̀pẹ̀ pupa tí mo fi asẹ́ sẹ́ sí i lórí góòmù. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni igbó wà. Kànìnkànìn ìbílẹ̀ ni mo gé wẹ́wẹ́ fún koríko. Ìyá mi kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní koríko kì í funfun. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó rì í bọ inú aró tó ti ń kú, aró tí kò lè pa aṣọ dáadáa mọ́, ó sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ tó fẹ́ jọ ewé. A sá a sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Ó jọ pé inú rẹ̀ ń dùn. Èyí gan-an bí mi nínú díẹ̀, torí pé èmi kò tò ó fún ìgbádùn.

Ó wá ku ọ̀dà. Mo ra àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ ewé lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò akẹ́rù. Mo fi àwọ̀ ilẹ̀ kun gbogbo ara rẹ̀, ó gbẹ, ó dára. Nígbà tí ó kan àwọn abala aláwọ̀ ewé, n kò mọ̀ ọ́n yà. Etí wọn rí wọ́gọwọ̀gọ. Mo nù ún, mo tún un kùn, mo tún nù ún. Ìyá mi ń wò mí láti orí àpótí rẹ̀, ẹ̀rín ń pa á.

"Àdìrẹ ni wọ́n wọ̀ fún ọkọ̀ ogun yìí," ló wí, "ìwọ wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì dá a lágara. Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Gbé e wá jàre."

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti kékeré. Yóò fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ gbágùúdá sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ náà bá bò, aró kò ní í wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọ ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán yóò hàn. Ohun kan náà ló fẹ́ ṣe fún ọkọ̀ yìí: kí òun fi ẹ̀kọ bo ibi tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, kí a kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kí a sì fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó po ẹ̀kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìyẹ́ adìẹ, ó sì ya abala kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn apá ọkọ̀ náà bí ẹni pé ọjọ́ gbogbo ló ń ṣe é. Ẹwà rẹ̀ pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù kó máa gbẹ níbẹ̀, mo sì bá iṣẹ́ lọ.

Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Oòrùn ọjọ́ náà mú débi pé a ń fi fáìlì fẹ́ ara wa ní ọ́fíìsì. Nígbà tí mo dé ilé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, kò sí ohunkóhun lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ náà wà lórí àpáta láàárín àwọn aṣọ ẹlẹ́kọ tí ìyá mi tẹ́, lórí abala páànù kan, níbi tí oòrùn ti ń ta á láti àárọ̀. Gbogbo ilé wa mọ̀ pé aṣọ ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ rí oòrùn dáadáa kó tó wọ inú aró. Kò sí aládìrẹ kan ní Kẹ́mta tí yóò jẹ́ kí ẹ̀kọ gbẹ nínú ilé. Ẹ̀kọ náà gbẹ lóòótọ́, ó le gbagidi. Ṣùgbọ́n rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti rọ̀. Apá méjèèjì ti wálẹ̀ bí apá adìẹ tí òjò pa, imú rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gíláàsì orí rẹ̀ sì ti wolẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

Mo pariwo. N kò lè purọ́ pé n kò pariwo.

"Màámi, kí lẹ ṣe? Rọ́bà ni! Kì í ṣe aṣọ!"

"Ẹ̀kọ ni mo sá," ni ìyá mi wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀kọ tí ò bá róòrùn, ó máa ṣàn."

"Ẹ ò ṣe béèrè? Kí ló dé tí ẹ ò kàn béèrè?" Mo jókòó sórí àpáta gbígbóná yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi lọ́rùn. "Ó ti sú mi. Ọkọ̀ yìí sú mi, ilé yìí sú mi. Ẹ̀yin náà ti sú mi."

N kò sọ irú rẹ̀ sí ìyá mi rí. Ó rọra sọ̀kalẹ̀ wá, ó mú ọkọ̀ náà pẹ̀lú abala páànù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbé e wọlé. Mo dúró níta títí ìbínú mi fi di ìtìjú, kí n tó tẹ̀ lé e.

Ó ti gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí mo kọ́ ilẹ̀ sí. Ó ń wò ó. Mo bu omi gbígbóná sínú àwo, mo ní bóyá bí rọ́bà náà bá tún rọ̀, mo lè fà á tọ́. Ó na ọwọ́ dá mi dúró.

"Ṣé irin ni ti gidi?"

"Irin ni, Màámi."

"Mo mọ̀. Irin ni mo máa ń rò. Ọjọ́ tí àwọn ológun yẹn wá, ohun tí mo rò nìyẹn, pé irin ni, ibi yòówù kó já sí, irin á ṣì jẹ́ irin, ọmọ mi á sì ti inú ẹ̀ jáde." Ó fi ìka kan apá tó wálẹ̀ náà. "Ṣé irin náà máa ń rí báyìí?"

Ó wù mí kí n purọ́ fún un. Àmọ́ ó ti rẹ̀ mí jù láti purọ́.

"Bí iná bá mú un, ó máa ń yọ́, Màámi."

"Pẹ̀lú ẹni tó wà nínú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó mi orí. Ó gbé ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tó ti sùn. Mo rò pé ojú ọ̀nà sáńpépà ló fẹ́ gbé e sí, níbi tí mo ti sàmì ipò táyà rẹ̀ sí. Ó kọjá ibẹ̀. Inú igbó ló gbé e sí, sáàárín koríko tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa láró. Ó fi ìka ṣí koríko náà, ó rọra tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì fi koríko bo apá kan.

"Má tún un ṣe mọ́," ló wí. "Fi góòmù sí i níbẹ̀. Tó bá di ọ̀la, lọ pe àwọn àáfà. Sì ránṣẹ́ sí ọkọ ẹ kó wá kó ẹrù wa."

Ó dìde lọ kírun alẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ èèyàn méjì péré ló bù.

Èmi ni mo ṣe ètò fidáù, láti orí ẹní títí dé orí sàráà. Mo yára, mo ń lọ mo ń bọ̀. Bí mo bá sọ pé inú mi bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, irọ́ ni. Wásinmi ni ọkàn mi wà. Ọkọ mi ti dé, àwọn ọmọ ti dé, ẹrù ti wà ní dídì nínú yàrá. Àwọn àáfà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, èmi àti ìyá mi jókòó sórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àáfà àgbà ní kí a dárúkọ olóògbé àti orúkọ ìyá rẹ̀, kí òun lè fi bẹ Ọlọ́run fún un.

Ìyá mi wojú mi, pé kí n sọ ọ́. Èmi náà ló yẹ kó sọ ọ́. Èmi tí mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé láti ọjọ́ yìí wá. Mo la ẹnu. Kò sí ohun tó jáde. Mo tún la ẹnu. Ìgbà náà ló yé mi pé "ẹ̀gbọ́n mi ti kú" ni mo ti ń sọ kiri fún gbogbo ọdún yẹn, pé n kò fi orúkọ rẹ̀ gan-an ṣáájú ọ̀rọ̀ náà rí, àní lọ́kàn mi. Bí mo bá pè é níbẹ̀ yẹn, kò ní í dáhùn mọ́. Àwọn àáfà ń wò mí. Ọkọ mi ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí bí ọmọdé.

Ìyá mi gbé ọwọ́ rẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ọwọ́ tí èékánná rẹ̀ kò kúrò nínú àwọ̀ aró láti ìgbà tí mo ti dáyé.

"Ẹ má bínú, àáfà," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni. Kò tíì gbà."

Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀ fún wọn, ketekete, ó sì dárúkọ ara rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo gbórí lé e lẹ́sẹ̀, mo ń sunkún, kò sì ní kí n dákẹ́.